Egbò Kékeré Láti Inú Lọ́rì Ìkórè

Bí ọkọ̀ akérò bá ti dojú dé pẹ̀lú rẹ rí, tí o dìde, tí o gbọn eruku aṣọ rẹ nù, tí o sì sọ fún àwọn èèyàn pé ara rẹ dá, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Mo ń kọ ọ́ sí ìwọ náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ilé ìwòsàn pé àrùn tí ń ti èèyàn lẹ́nu ni ó mú ẹni rẹ. Ó mú èmi náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá mú ni ó ń pa. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni n óò sọ ọ́, n kò ní bù mọ́ ọn.

Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀wọ̀. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa, nítorí pé èmi ni mo pẹ́ jù ní ilé ìwé nínú wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Ìjọ kékeré kan wà ní Òkèlúṣe tí ẹgbẹ́ wa máa ń gbé ẹ̀bùn lọ fún nígbà ìkórè. Lọ́dọọdún ni a máa ń háyà lọ́rì kan, bọ́lẹ̀kájà onípákó, tí a ó kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, tí àwa náà yóò sì wọ̀ ọ́.

Àṣà kan wà tí n kò mọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Iṣu ìkórè kì í wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Òkè lọ́rì ni à ń tò ó sí, kí àwọn ará ìletò tí a bá gbà kọjá lè rí i. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ìyá kan láti Ìyẹ̀rẹ̀ gbé tiwọn kọjá lójú wa, iṣu náà ga bí òkìtì, wọ́n sì fi màrìwò yí i ká. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ẹgbẹ́ wa fún ọdún kan gbáko. Nítorí náà ni a ṣe to tiwa ga ju tiwọn lọ.

Ohun mìíràn ni ìjókòó. Àwọn àgbà ìyá mẹ́fà ni ó ń jókòó síwájú, ní ẹ̀yìn awakọ̀, ẹnì kankan kì í sì í fún mọ́ wọn. Gbogbo àwa yòókù a wá kó ara wa jọ sẹ́yìn, kọjá ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Mo ka orí wa: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bẹ́ǹṣì inú ọkọ̀ náà kò gbà ju ogún lọ. Mo kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sínú ìwé mi, mo sì wọlé. N kò sọ nǹkan kan. Èmi kì í sábà sọ nǹkan.

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni awakọ̀ náà, Ràfíù, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní àárín ìlú. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn, ó sì lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́ pé kí a sọ ìdajì iṣu náà kalẹ̀, nítorí pé ẹrù òkè kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Dọ́kásì ni ó dá a lóhùn láti inú ọkọ̀. Dọ́kásì aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa.

"Ràfíù, iṣu lásán ló ń bà ọ́ lẹ́rù yìí? Bó bá jẹ́ ìyàwó tuntun ni a gbé lé e lórí, o ò ní sọ pé ó wúwo."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ràfíù náà rẹ́rìn-ín, ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

A ti kọjá Ùtè, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, nígbà tí Ràfíù rí ihò tí òjò gbẹ́ sójú ọ̀nà. Kò sáré. Ó kàn yí ọwọ́ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti yí padà tí òkè rẹ̀ kò sì bá a yí. Iṣu náà fà wá lọ sí apá òsì, gbogbo èèyàn tí ó wà lẹ́yìn sì ṣubú lé ara wọn lọ sí apá kan náà, lọ́rì bá dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni bọ́lẹ̀kájà ní, ẹ̀yìn ni ó sì wà. Àwọn àgbà tí ó jókòó síwájú ni ó pẹ́ jù kí a tó rí wọn fà jáde.

Pákó bẹ́ǹṣì wa ti ṣí kúrò ní ìdí rẹ̀. Ìṣó méjì ni ó yọ lára rẹ̀. Ọ̀kan gba àtẹ́lẹ̀ bàtà mi wọ inú ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ìkejì gún Dọ́kásì ní ojúgun. Èmi àti òun rí ìṣó méjèèjì, a sì rí ẹsẹ̀ ara wa. Kò sí ẹlòmíràn tí ó rí i.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Apá àwọn méjì ṣẹ́, eegun èjìká àgbà ìyá kan yẹ̀, orí Ràfíù fọ́. A jókòó sínú koríko ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń kọrin ọpẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ sì ní kí n kọ orúkọ àwọn tí ó fara pa sọ́tọ̀, kí n kọ orúkọ àwọn tí ara wọn dá sọ́tọ̀. Ní ìjọ wa, bí a bá yọ nínú ewu, àwọn tí nǹkan kan kò ṣe ni ó ń kọ́kọ́ jó lọ síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti jó ìdúpẹ́, ìtìjú ni fún un láti padà wá sọ pé ibì kan ń ro òun. Wọn yóò ní ó ń bá Ọlọ́run jiyàn.

Dọ́kásì tẹ ẹnu mọ́ mi létí. "Akọ̀wé, àwọn tára wọn dá ni kó o kọ mí mọ́ o. Ṣé ojú ìṣó ni n óò máa fi han dókítà níwájú ẹni tí apá ẹ̀ ṣẹ́?"

Mo kọ ọ́ mọ́ wọn. Mo kọ ara mi tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo délé, mo fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ mi, mo fi karosíìnì díẹ̀ sí i. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti pa dé. Bí ó ṣe tètè jinná yẹn ni ó tàn mí. Ọjọ́ Sátidé ni lọ́rì ṣubú. Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti Dọ́kásì jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àwọn yòókù, òun ni ó sì jó jù.

Ní Mọ́ńdè, mo fẹ́ bu iṣu jẹ láàárọ̀, ẹnu mi kò sì là tó. Mo rò pé eyín ni. Mo fi omi gbígbóná yọ ẹnu, mo lọ sí ilé ìwé. Bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ahọ́n mi wúwo. Ní Túsìdeè, ọrùn mi le, ẹ̀yìn mi le bí pákó, àwọn ẹran ara ojú mi sì fà sẹ́yìn fúnra wọn. Ọkọ mi, tí í ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó ní kí ni mo ń rẹ́rìn-ín sí. N kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹbí ti kún ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, gbé àgbo wá, ó sì fẹ́ fi ìdí ṣíbí la eyín mi kí ó lè rí i dà sí i. Ìyá Ẹgbẹ́ fi òróró kùn mí lágbárí, ó ní ojú ayé ló wà lára mi nítorí ijó tí mo jó. Àbúrò bàbá ọkọ mi ní kí a gbé mi lọ sí oko kan lẹ́bàá Ìdáṣẹ̀n, ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan tí ó ti la ẹnu àwọn mẹ́ta rí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi ń wo ojú ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ èyí tí yóò gbà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè ti mọ́, kí wọ́n tó tún pé jọ, ó dá nìkan gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Lọ́rì ni ó fi gbé mi lọ. Kò sí ohun mìíràn tí a lè wọ̀.

Àwọn èèyàn ti tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn títí dé abẹ́ igi. Wọ́n fún wa ní páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tiwa sì jìnnà. Nígbàkúùgbà tí ọmọ kan bá sunkún, ẹ̀yìn mi a fà. Obìnrin kan tí ó ní ọmọ lẹ́yìn wò mí títí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn mú páálí tirẹ̀ fún ọkọ mi, ó sì gba tiwa. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Dókítà bi mí bóyá mo gbọgbẹ́. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ láti àárín eyín. Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìṣó inú lọ́rì, ọjọ́ kọkànlá nìyí. Ó tún ojú egbò náà là, ó fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún ọkọ mi pé tẹ́tánọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, pé inú irú egbò tí ó wọlé jìn tí ojú rẹ̀ sì kéré ni ó ń gbé. Ó ní ká ní mo ti wá gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, bóyá ni ì bá bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo gbọ́ ọ. Ara mi nìkan ni mo rò. Mo rò pé n óò kú, mo ń ro ẹni tí yóò máa bọ́ àwọn ọmọ mi.

Wọ́n gbé mi sí yàrá kan tí wọ́n fi kúbùsù bo fèrèsé rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ni ó ń ta àrùn náà jí. Bí páànù bá bọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara mi a tẹ̀ bí ọrun, orí àti gìgísẹ̀ mi nìkan ni yóò kan ibùsùn. N kò dákú rí nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ mọ èyí: gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ni ó ń gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí Dọ́kásì. Ìṣó méjì, pákó kan. Ọ̀fun mi ti dì nígbà náà, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọn kò gba àlejò láàyè, ṣùgbọ́n Dọ́kásì ni ó ń rán aṣọ fún ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán Fúráìdeè, ó bọ́ bàtà, ó yọ́ wọlé. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì mí. Dọ́kásì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà nínú ìsìn.

"Akọ̀wé, ìwọ tí a ń bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n tún wá lọ tì lẹ́nu?"

Ó ń sọ fún mi pé wọ́n ń gbàdúrà, pé òun ń rán aṣọ ilé ìwé ọmọ mi obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ń là dáadáa. Ó kù sí mi lọ́wọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: lọ gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú ilé kan náà. Mo fi gbogbo agbára mi na ọwọ́, mo di etí ìró rẹ̀ mú, mo fà á sókè kí ojúgun rẹ̀ lè hàn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ tú mi sí ìhòòhò níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ni?"

Ẹ̀gbọ́n tú ìka mi kúrò lára ìró náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọjú sí Dọ́kásì, ó ní, "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ mira. Ìyá Táyé, ẹ jẹ́ kó sinmi." Inú rere ni ó fi ṣe é. Mo fẹ́ gbé ohùn jáde, akitiyan náà sì ta ara mi jí, mo tẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó lé Dọ́kásì jáde, ó fún mi ní oògùn oorun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn, bí ó ṣe gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní Sátidé, nígbà tí mo jí, mo fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ kọ ìwé ìhágún. Ó ní ẹnìkan kò ní kọ ìwé ikú lójú òun, ó sì mú pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ara gbígbóná mi lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì pa mọ́. Títí ọjọ́ yẹn fi lọ, bí mo bá ti gbé ọwọ́, Ẹ̀gbọ́n a dì í mú, a sì máa kọrin sí mi létí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni ọkọ mi wá dúró tì mí, tí Ẹ̀gbọ́n sì lọ jẹun. Ó mọ ohun tí ọwọ́ mi ń sọ. Ó fi pẹ́ńsù sí i, ó gbé páálí kan sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìwò ó: Dọ́kásì, ìṣó, abẹ́rẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde láìdágbére.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹnu Dọ́kásì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Àwọn èèyàn rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn ni ó ti èmi lẹ́nu pa pátápátá, nítorí náà wọ́n ti gbé e lọ sí oko tí ó wà lẹ́bàá Ìdáṣẹ̀n. Ọkọ mi lépa wọn dé ibẹ̀. Ó bá wọn tí wọ́n ń da àgbo sí i lẹ́nu, tí ó sì ń há a lọ́fun. Ọjọ́ méjì ni ó fi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Túsìdeè, yàrá tí ó kan tèmi ni wọ́n sì gbé e sí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi. Èmi ni mo ń gbọ́ bí ibùsùn ṣe ń dún lára ògiri, mo sì mọ ohun tí ó ń mú ibùsùn dún bẹ́ẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn tí wọ́n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, kò dún mọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n tì bọ imú mi ni wọ́n fi ń fún mi ní oúnjẹ. Ọkọ mi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ta páànù tí a ti kó jọ láti fi bo ilé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún lè sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n pe ọkọ Dọ́kásì wá, mo sì sọ fún un pé mo mọ̀ nípa egbò tí ó pa ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Kò tíì wọ ilé wa láti ìgbà náà.

Ọdún kẹta nìyí. Ẹnu mi ń là tó ìka méjì, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òwúrọ̀. Títẹ̀ tí ẹ̀yìn mi tẹ̀ ní àwọn ọjọ́ yẹn rún eegun méjì pọ̀ níbẹ̀, mo sì kúrú sí i. Aṣọ tí Dọ́kásì rán fún mi tẹ́lẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń jẹ iṣu bí mo bá gún un.

Bí ó bá ti mú ẹni rẹ, má ṣe fi nǹkan la eyín rẹ̀, má ṣe da nǹkan sí i lẹ́nu. Gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Mú ariwo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí o sì fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́ bí ó bá bèèrè rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀, n kò mọ ohun tí n óò sọ tí wọn yóò gbọ́. Ní ìkórè tó kọjá, lọ́rì ẹgbẹ́ wa tún dúró níwájú ìjọ, iṣu tún wà lórí rẹ̀, àwọn èèyàn tún kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lọ bá wọn. Mo la ẹnu mi dé ibi tí ó lè là dé, mo ní kí wọ́n sọ ìdajì kalẹ̀, kí wọ́n jókòó kan iwájú. Wọ́n dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ẹnì kan nínú wọn ní ohun tí ojú Akọ̀wé rí ló ń bà á lẹ́rù, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn, wọ́n lọ. Wọ́n lọ ire, wọ́n bọ̀ ire, èyí sì burú lójú mi, nítorí pé bí wọn yóò ṣe tún to ẹrù lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Fẹ́mi, ọ̀dọ́ ìyá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, fi aṣọ wé ọrùn ẹsẹ̀. Irin ibi tí wọ́n ń gbà gòkè ni ó gún un. Mo ní kí ó jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí.

"Màmá, kò tó nǹkan. Àìsàn ni ẹ ń pè sí mi lára yìí o."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń bínú, ó ń bojú wẹ̀yìn wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ń dúró de ọyàn nílé. Ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ gbà títí a fi dé ilé ìwòsàn. N kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi fún un ní abẹ́rẹ́.